Ìlú Tí Wọ́n Ti Ní Kí N Fi Iná Ẹsẹ̀ Mi Hàn

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ará orí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì kò tíì pe ẹnikẹ́ni, gbogbo wa ni a sì gba ààwẹ̀ wá láti ilé nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ebi ń pa yín, ebi ń pa èmi náà. Ṣùgbọ́n dókítà kò ka ìtàn mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bù ú fún yín kí a fi dá ọ̀fun dúró.

Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi. Ẹ má fi ojú ọ̀pá tí mo ń tì yìí wò mí o. Èmi ni mo lé ẹfọ̀n títí ó fi rẹ̀ ẹ́, tí ó jókòó sílẹ̀ tí ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n jẹ́ kí òun mí. Ẹkùn tí ó bá gbóòórùn mi nínú igbó, ilé àna rẹ̀ ni ó ń gbà lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn un nì, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n bù mọ́ ọn. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Èmi ń fún yín jẹ lófẹ̀ẹ́, ẹ tún ń yọ ṣùtì sí mi.

Mo gbọ́ ohun tí Ìyá Dúrójayé orí bẹ́ǹṣì yìí ń sọ lẹ́ẹ̀kan, pé àwọn ọmọ wọn ní wọ́n ń díbọ́n ni, pé ẹsẹ̀ tí kò wú, tí kò lójú egbò, kí ni ó lè máa dùn níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi láyà. Wọ́n ti fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ há mi mọ́ rí, mo sì fi irú rẹ̀ ba ayé ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní ọdún kan tí òjò pẹ́ kí ó tó rọ̀, ẹsẹ̀ mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jó mi láti ìka dé gìgísẹ̀. Kì í ṣe jíjó ẹni tí ó rin inú oòrùn. Ńṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ata ra àtẹ́lẹsẹ̀ mi tán, tí wọ́n wá ń fi abẹ́rẹ́ wá a nínú ẹran. Bí aṣọ ìbora bá kàn mí lẹ́sẹ̀, igbe ni n ó ké. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo ń mu ìkòkò omi tán, mo sì ń tọ̀ ọ́ jáde. Ibi tí mo bá tọ̀ sí, èèrà a tò lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ sàráà. N kò ka ìyẹn sí. Ta ni ó ń ka ọ̀ràn èèrà sí?

Ìyàwó mi, Àwẹ̀ró, gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Bàbá Wúràọlá, n kò rí nǹkankan o. Kò pọ́n, kò wú, kò sí ojú ẹ̀gún. Àbí oko ni ẹ kò fẹ́ lọ?" Ẹ̀fẹ̀ ni ó fi í ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ.

Mo wá sọ fún àwọn àgbà ọdẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: bí ẹsẹ̀ bá ń jóni tí kò sì lójú egbò, a kì í wádìí rárá. Kíá ni wọ́n dáhùn, wọ́n ní, "Ọdẹ́rìndé, o ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹnìkan ni ó rì í sọ́nà dè ọ́." Láti ìṣẹ́jú yẹn ni mo ti ń wá ẹni náà nínú ọkàn mi, ẹni tí ó bá sì ń wá ọ̀tá kì í pẹ́ rí i. Mo rántí Àkànó, ọ̀rẹ́ mi, tí a jọ gba ìbọn lọ́jọ́ kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, ó ń lọ níwájú mi lójú ọ̀nà odò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lóríta, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì dìde.

Mo fẹ̀sùn kàn án lójú gbogbo ẹgbẹ́. Àkànó lanu sílẹ̀. "Èmi, Ọdẹ́rìndé? Ẹ̀gún ni mo ń ṣà kúrò lọ́nà lọ́jọ́ náà. Ìwọ ni mo ń ṣà á fún, nítorí o ń bọ̀ lẹ́yìn mi, o kò sì wọ bàtà." Ẹ gbà mí o, ẹ̀rín ni mo fi í rín! Mo ní ta ni ó ń ṣa ẹ̀gún fún àgbà ọdẹ? Ẹyin ni ohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní ń fọ́. Èmi sì sọ tèmi mọ́lẹ̀ gbàgà. Mo fi eyín kan irin, mo búra pé n ó lọ sí Igbó Àìwẹ̀yìn, níbi tí a gbọ́ pé àwọn iwin tí ń ta oògùn ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ń gbé, n ó sì mú ẹ̀rí bọ̀ kí ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tó pé.

Baba Aṣípa, olórí wa, gba ìbọn lọ́wọ́ Àkànó, ó gbé e kọ́ ara ògiri ilé ẹgbẹ́. Ó ní bí mo bá mú ẹ̀rí dé, a ó lé Àkànó kúrò nílùú. Bí mo bá dé lọ́wọ́ òfo, Àkànó yóò gba ìbọn rẹ̀, wọn yóò sì gba tèmi. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ kẹtàdínlógún bá wọ̀ tí n kò dé, a jẹ́ pé oògùn náà ti pa mí, kí Àkànó kó ẹrù rẹ̀ kí ó máa lọ.

Bí mo ṣe wọ igbó nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta, iwin kan dí mi lọ́nà. Irùngbọ̀n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ ń sùn sí i, ó sì jókòó sórí orí ara rẹ̀. Ẹ má bi mí bí ó ṣe ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ kí ó lọ wò ó. Mo ní kí ó yà fún mi. Ó ní n ó kọ́kọ́ já àlọ́ òun.

"Kí ni ó ń jó tí kò léèéfín, tí ó ń gún ni tí kò lẹ́nu, tí ó wà lára olówó rẹ̀ tí ará ilé rẹ̀ kò rí i?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Ẹsẹ̀ mi ni."

Iwin náà yà fún mi. Ó ní, "O já a. Kí ni o ń wá?" Mo ní ẹni tí ó mọ ìdí iná náà ni mo ń wá. Ó ní, "Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n jù, ìlú kan ṣoṣo ni wọ́n wà. Tọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ." Kò parọ́ fún mi. Ibi tí wọ́n wà nínú ìlú náà nìkan ni kò sọ.

Fi-Hàn-Mí ni orúkọ ìlú náà. Níbẹ̀, ohun tí ojú kò bá rí, irọ́ ni. Ọkùnrin tí ebi ń pa ń ṣí ikùn káàkiri kí wọ́n lè ka ìhà rẹ̀. Opó tí kò bá gbé fìlà ọkọ rẹ̀ dání kò gbọdọ̀ sunkún. Adènà wọn ní ojú mẹ́fà, kò sì ní etí kankan. Ẹnu mi ni ó ń wò láti mọ ohun tí mo ń sọ. Ó bi mí ohun tí mo wá ṣe. Mo ní ẹsẹ̀ ni ó ń jó mi.

"Fi hàn mí."

Mo gbé e sókè. Ó fi ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò ó, ó pe èkejì rẹ̀, òun náà wò ó. Wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ní ó wà níbẹ̀. Wọ́n kígbe "Elékèé!" wọ́n gbá mi mú, èmi tí ẹfọ̀n ń bẹ̀, wọ́n sọ mí sínú ọgbà bí ẹni sọ èèpo iṣu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí ọgbà yẹn ti rí, nítorí n kò tíì wọ ibi tí ó há mi láyà tó bẹ́ẹ̀ rí. Igi ààyè ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀, ó fún mọ́ra débi pé atẹ́gùn kò rí ọ̀nà gbà. Bí ẹlẹ́wọ̀n kan bá sọ pé "ó ń dùn mí," gbogbo igi náà yóò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú sí wa. Ogójì ènìyàn ni mo bá níbẹ̀, wọ́n ti sọ ọ́ sọ ọ́ títí ọgbà náà fi kù bí ìyẹ̀wù kan. Wọn kò sọ ọ́ mọ́. Wọ́n di eyín mọ́ra wọn, wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ sókè wọ́n ń gbé e sílẹ̀, òógùn ń bọ́ lára wọn. Ìlẹ̀kùn kan wà, òfin rẹ̀ kò sì le lójú: kí o wí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé "kò sí ohun tí ó ń ṣe mí," yóò ṣí.

Mo ní ṣé èyí náà ni? Ọ̀gá ni mí nídìí irọ́! Mo dúró níwájú ìlẹ̀kùn, mo wí i lẹ́ẹ̀kan. Mo wí i lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo ti la ẹnu fún ẹ̀kẹta ni iná náà ta mí láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, mo ké "Yéè, ó ń dùn mí o!" Àwọn igi gbé ẹsẹ̀ síwájú, gbogbo ogójì ènìyàn fi ojú burúkú wò mí. Ìgbà méje ni mo gbìyànjú, ìgbà méje ni a tún há sí i. Ẹnìkan di ẹnu mi ní ìkẹjọ. Mo lè purọ́ ẹfọ̀n, mo lè purọ́ ẹkùn, n kò lè purọ́ ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Mo ń ronú kan Àkànó, mo ń bínú sí i, mo ní òun ni ó sọ mí sí ibi báyìí. Ìyá arúgbó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aláró. Aró ni wọ́n ń rẹ nígbà tí wọ́n wà ní ìlú wọn, ọdún mẹ́sàn-án sì nìyẹn tí wọ́n ti wà nínú ọgbà. Àwọn nìkan ni wọn kì í jó ijó ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá ìrìn mi, wọ́n bi mí wúyẹ́wúyẹ́ kí àwọn igi má baà gbọ́, "Ọmọ mi, ta ni ìwọ ní ó ṣe é?"

Mo ní, "Àkànó ni, Màmá. Ọ̀rẹ́ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Èmi ní orogún mi ni. Mo lé e jáde tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Bàbá tí ó wà ní igun yẹn ní ẹ̀gbọ́n òun ni. Ìyàwó yẹn ní ìyá ọkọ òun ni. Ogójì ni wá, ìlú ogójì ni a ti wá, ogójì ènìyàn ni a sì ti bà lórúkọ jẹ́. Ṣé Àkànó rẹ dé ìlú àwa rí?"

"Rárá, Màmá. Kò mọ̀ ọ́n."

"Ta wá ni ó rì tèmi sọ́nà?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo wo tiwọn. Wọ́n ní, "Ṣé òùngbẹ ń gbẹ ọ́ bí ẹni ń bu omi sí apẹ̀rẹ̀? Ṣé èèrà ń tò sídìí ìtọ̀ rẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wò yíká, ogójì orí ni ó ń mì tìtì pé tiwọn náà nìyẹn. Ohun tí ó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Ìyá Aláró ní, "Inú ẹ̀jẹ̀ wa ni ó wà, ọmọ mi, kò sí lójú ọ̀nà. Ẹ̀jẹ̀ wa ti dùn jù, adùn náà sì ń jẹ àwọn okùn tín-ín-rín tí ẹsẹ̀ fi ń ránṣẹ́ sí orí. Bí ó bá ń jẹ wọ́n, iná ni. Bí ó bá jẹ wọ́n tán, ẹsẹ̀ á dákẹ́. Tèmi ti dákẹ́. Má bẹ̀rù iná tó bí o ṣe máa bẹ̀rù ìdákẹ́."

Ojú tì mí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú tì mí débi pé n kò lè gbé orí sókè. Mo rí Àkànó níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ tí ó ń ṣa ẹ̀gún fún mi, mo sì rí ìbọn rẹ̀ lára ògiri. Bí n kò bá jáde, wọn yóò lé aláìṣẹ̀ kúrò nílé bàbá rẹ̀ nítorí ẹnu mi. Mo sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ibi tí mo kọ orí sí, mo rí ojú ẹsẹ̀ mi nínú eruku, mo sì wò ó pẹ̀lú ojú ọdẹ.

Mo pariwo, "Ẹ pe ọba yín! Mo fẹ́ fi hàn án!" Ẹnikẹ́ni kò sọ gbólóhùn yẹn nínú ọgbà náà rí. Àwọn igi dúró gbagidi.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, ọba dé. Kìkì ojú ni ó bo ara rẹ̀ láti adé dé bàtà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Kábíyèsí, bí ọdẹ bá yìnbọn fún ẹran tí ẹran sì sá lọ, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń wá. Ojú ẹsẹ̀ ni ó ń kà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ́ iyanrìn tútù, kí a rìn ín." Ọba gbà. Ó tún ní kí wọ́n fọ́n ẹ̀gún díẹ̀ káàkiri orí iyanrìn náà, kí ẹ̀rù lè ba òpùrọ́.

Àwọn adènà kọ́kọ́ rìn, lẹ́yìn náà àwa, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mú ọba lọ́wọ́ bí ẹgbẹ́ mi. Mo ní, "Ẹ wo ti adènà: gìgísẹ̀ wọlé, àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ìka tì í síwájú. Ẹ wo tèmi: etí ẹsẹ̀ nìkan ni ó kan ilẹ̀, ìka ká kúrò, ìṣísẹ̀ kúrú bí ti ẹni tí ń rìn lórí ẹyin iná. Ẹ wo ti bàbá yìí, ẹ wo ti ìyàwó yìí. Ta ni ó kọ́ wa ní ìrìn kan náà láti ìlú ogójì? Ẹran tí ó bá rìn báyìí, ọmọ ọdẹ kékeré mọ̀ pé ó ti gbọgbẹ́." Ọba wò ó títí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní gbogbo ojú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún wa.

Ó wá ku Ìyá Aláró. Wọ́n rìn, ìrìn wọn sì gún régé, ó lẹ́wà bí ti ìyàwó ojú ọ̀nà. Ọba fo sókè. "Èyí ni elékèé yín! Ẹ há a mọ́!"

Ìlẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ọ̀nà ilé jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin fún ẹsẹ̀ mi, bí mo bá sì kúrò kíá, n ó dé ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Ọkàn mi ní, "Ọdẹ́rìndé, máa lọ, Àkànó ń dúró." N kò lè lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sórí iyanrìn, mo tún un wò. Gbogbo ojú ẹsẹ̀ yòókù yà fún ẹ̀gún, ti adènà àti tiwa. Tiwọn kò yà fún ọ̀kankan. Mo ní, "Màmá, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín sókè." Ẹ̀gún mẹ́rin ni ó wọlé síbẹ̀ dé ìdí, ẹ̀jẹ̀ ń kán, Màmá sì ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní, "Kí ni ẹ ń wò?"

Ọba di gbogbo ojú rẹ̀. Àwọn igi náà gbé ẹsẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n ń lọ, a kò sì rí wọn mọ́.

Mo jókòó, mo yọ ẹ̀gún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wẹ ojú ọgbẹ́ náà, mo fi aṣọ mi dì í, mo sì sin Ìyá Aláró dé ọ̀nà ìlú wọn. Ibẹ̀ ni ọjọ́ kan mi lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejìdínlógún ni mo wọ ìlú wa. Àwẹ̀ró pàdé mi lójúde, ó fi ọwọ́ lérí. Ó ní, "Ẹ ti pẹ́ jù, Bàbá Wúràọlá. Àná ni wọ́n lé e. Òkè-Agbọ̀n, ìlú ìyá rẹ̀, ni ó forí lé."

Mo lọ sí ilé ẹgbẹ́, mo rò ó fún wọn láìbù mọ́ ọn, mo gbé ìbọn mi kalẹ̀ kí wọ́n tó béèrè. Mo mú ti Àkànó kúrò lára ògiri, mo gbé e kọ́ èjìká, mo rìn dé Òkè-Agbọ̀n. Inú oko ni mo ti bá a, ó ń kọ ebè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ilẹ̀ tútù, mo ní, "Àkànó, kò sí ẹni tí ó rì í. Inú ẹ̀jẹ̀ mi ni ó wà. Mo parọ́ mọ́ ọ."

Ó kọ ebè mẹ́ta sí i, mo wà nílẹ̀. Nígbà tí ó wá sọ̀rọ̀, ìbọn ni ó tọ́ka sí. Ó ní, "Gbé e padà. Ẹgbẹ́ tí ó lè gbà pé èmi ni mo ṣe é, n kò bá wọn jókòó mọ́." Lẹ́yìn náà ni ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó ní, "Ṣé ó ṣì ń jó ọ?"

Ẹ wò ó, láti ìgbà tí iná ti mú mi, ẹnikẹ́ni kò bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo sunkún bí ọmọdé. Mo ní, "Ó ń jó mi, Àkànó." Ó ní kí n dìde kí n jókòó sórí ebè, kí n sọ bí ó ṣe rí fún òun. Òun ni ó mú mi wá síbí ní ọ̀sẹ̀ kejì, níbi tí wọ́n ti sọ fún mi pé ìtọ̀ ṣúgà ni. Oògùn wọn kò pa iná náà tán, ṣùgbọ́n ó bù ú kù.

Ó padà sílé nígbà ìkórè, kò sì dé ilé ẹgbẹ́ mọ́ títí di òní. Kò sọ fún mi rí pé òun ti dárí jì mí, n kò sì béèrè. Ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́ta ti dákẹ́ báyìí. Wọn kò mọ òkúta yàtọ̀ sí òwú. Ẹ wo ọkùnrin tí ó jókòó sí apá òsì mi yìí, tí kì í sọ̀rọ̀. Kò ní àìsàn kankan, wọn kò ní gún un lábẹ́rẹ́, kò sì sí ohun tí ó ní ṣe níbí. Láràárọ̀ ni ó ń wá sílé mi kí n tó jáde, á ti ọwọ́ bọ inú bàtà mi, ti ọ̀tún àti ti òsì, á máa wá ohun tí ó lè gún mi. Àkànó nìyẹn. Ẹ bá mi kí i.